Òkun ní Òkè-Àdó

Bàbá Mọnsúrù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn:
"Nọ́ọ̀sì, ẹja tí a kò ní jẹ?
Òkun wo ló gun òkè wá sí Ìbàdàn?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo ń po iyọ̀.

Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Àpò ni Oyèkànmí, ọmọ ọmọ mi, gbé e wá láti Àpápá.
Mo fi omi òjò tí mo sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pò ó nínú garawa,
mo wọ̀n ọ́n, mo bu omi kún un, mo tún wọ̀n ọ́n,
bí ìgbà tí mo ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ ní Adéọ̀yọ́
láyé ìgbà tí ojú mi ṣì mú.

Mo to àpáta òkun sínú gíláàsì, mo tan ẹ̀rọ tí ń ru ìgbì.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sí ẹja kankan níbẹ̀.
Omi náà kọ́kọ́ rùn bí ìtọ̀ àná,
ó hu irùngbọ̀n aláwọ̀ ewé,
kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.
Omi náà máa ń bàlágà. Ẹni tó bá kánjú, òkú ni yóò sin.

Iyùn tí ìyá mi so mọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó
ṣì wà nínú àpótí, ó pọ́n, ó le, ó dákẹ́.
Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo lò láyé
kí n tó mọ̀ pé abẹ̀mí ni iyùn:
pé lóru, bí mo bá pa iná pálọ̀,
á la ẹnu kéékèèké, á na ọwọ́ wẹ́wẹ́,
á máa wá oúnjẹ.

Ẹja ọlọ́sàn méjì ló kọ́kọ́ dé,
ìlà funfun mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Olóòlà wo ló kọ wọ́n? Mo pè wọ́n ní Àjàmú àti Àṣàbí.
Àṣàbí ló tóbi jù. Òun ló ń pàṣẹ.

Ẹja aró dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, nínú ọ̀rá,
ó dúdú bí aṣọ tí a rẹ lẹ́ẹ̀meje.
Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì:
mo tú ọ̀rá, mo dà á sínú òkun mi lọ́jọ́ náà gan-an.
Èmi. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
kọ́ àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì pé
àlejò tó ń húkọ́ kì í sùn ní yàrá àwọn aboyún.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha àpáta.
Mo fi awò sójú.
Hóró funfun lápá, hóró funfun nírù,
bí ẹni pé iyọ̀ tí mo pò ti padà dì sí i lára.
Ìyá mi kì í dárúkọ irú àrùn báyìí lọ́sàn-án gangan.
Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ti ran àwọn ọlọ́sàn.
Òru ọjọ́ yẹn ni iná lọ.
Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí èjìká mi fi kọ̀.
Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ fi dé, ẹja aró ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
Bàbá Mọnsúrù wá láàárọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó bá mi gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

Bàbà ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń wo ẹja sàn
ló ń pa iyùn, ló ń pa edé, ló ń pa ìgbín òkun.
Mo kó àwọn ọlọ́sàn sínú ọpọ́n ike ní balùwẹ̀,
mo ń kán bàbà sí omi wọn, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
èmi alára ń lọ wẹ̀ nílé àwọn Mọnsúrù.
Gíláàsì pálọ̀ ṣófo. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin,
kí kòkòrò tó kù níbẹ̀ wá ẹja títí,
kó má rí, kí ebi pa á kú.

Mo ṣì ń bọ́ iyùn. Mo ṣì ń ru ìgbì.
Àlejò á wọlé, á ní: "Mama, ẹja dà?"
Mo ní wọ́n ṣì wà ní wọ́ọ̀dù.

Lánàá, Àṣàbí já edé gbà lọ́wọ́ mi,
ó fi ẹnu kan ìka mi, ó fẹ́ ẹ̀ bù mí jẹ.
Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára ògiri balùwẹ̀:
ọjọ́ kọkànlélógójì.